Ilé ike tí wọ́n tà fún mi pẹ̀lú ìjàpá omi: ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún

Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ra ìjàpá omi kékeré kan, irú èyí tó ní ilà pupa lẹ́yìn ojú tí wọ́n ń pè ní red-eared slider. Wọ́n ta "ilé" rẹ̀ mọ́ ọn: abọ́ ike kan tí kò jìn, erékùṣù ike tí igi ọ̀pẹ ike dúró lé lórí, àti ọ̀rá edé gbígbẹ kan. Ara ìjàpá náà dá ṣáṣá lọ́jọ́ tí mo gbé e délé. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kù díẹ̀ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò jẹun. Mo ti gbọ́ pé ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tuntun lè má fẹnu kan nǹkan fún ọjọ́ mélòó kan torí ẹ̀rù, mo sì fi í sílẹ̀. N kò mọ̀ pé òtútù ló ń mú un. Ìjàpá kì í dá ara rẹ̀ móoru bíi tiwa. Bí omi rẹ̀ bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ṣe ń rí. Bí omi bá tutù, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀, ebi kì í sì í pa á. Nígbà tí mo wá fi tẹmómítà wọn omi inú abọ́ náà, 19 ló kà lórí ìwọ̀n Celsius. Bíi 26 ló yẹ fún ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, kí ibi tó ti ń yáàrùn sì tó 32 sí 35. Kò sí tẹmómítà nínú ohun tí wọ́n tà fún mi, kò sí ohun tó ń mú omi móoru, kò sí iná.

Lọ́sẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ méjèèjì wú, ó sì dì pa. Mo rò pé oorun ló ń sùn. Ohun tó lé mi dìde ni ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ kẹta: ó ń fẹ̀gbẹ́ kan lúwẹ̀ẹ́, apá kan ara rẹ̀ ga ju ìkejì lọ, ìfófòó ń yọ nímú rẹ̀, ó ń na ọrùn, ó ń yanu. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí èyí, ẹ má dúró di ọ̀la. Òtútù àyà ni.

Kí dókítà ẹranko tó mú abẹ́rẹ́ kankan, ó ní kí n ṣàlàyé ilé rẹ̀ fún òun. Ó gbé e lé ìwọ̀n: gíráàmù 22. Ó fi ìka tẹ etí ìkarahun rẹ̀, ó rọ̀. Ó ní kí n mú ìgbẹ́ rẹ̀ wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aràn wà níbẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé edé gbígbẹ nìkan kò ní fítámínì A tó, ìyẹn sì máa ń mú ojú wú, pàápàá nínú omi ìdọ̀tí. Ìkarahun tó rọ̀ ní tiẹ̀, àìtó kálísíọ̀mù àti àìsí ìtànṣán UVB, ìyẹn ìtànṣán inú oòrùn tó ń jẹ́ kí ara lè lo kálísíọ̀mù, ló fà á. Bẹ́ẹ̀, "oúnjẹ tó pé" ni wọ́n kọ sára ọ̀rá edé yẹn, wọ́n sì ní kí n gbé abọ́ náà sẹ́bàá fèrèsé kí oòrùn lè kàn án. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí UVB kọjá! Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ló dùn mí jù, torí mo gbà wọ́n gbọ́. Ó kìlọ̀ fún mi pẹ̀lú pé kí n má fọwọ́ ara mi wá abẹ́rẹ́ fítámínì A, torí bó bá pọ̀ jù, awọ ìjàpá á máa ṣí.

Ohun mìíràn tí wọn kò kọ síbẹ̀ ni Salmonella, kòkòrò àrùn tó lè mú kí inú máa run èèyàn kó sì máa ṣu. Ìjàpá tí ara rẹ̀ le koko lè gbé e kiri. Torí rẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa àwọn tí ìkarahun wọn kò tó íǹṣì 4 fún sísìn láti ọdún 1975. Inú síǹkì tí a ti ń fọ abọ́ oúnjẹ ni mo sì ti ń fọ ike yẹn, ọmọ mi sì ń fẹnu ko ìjàpá náà lẹ́nu. Ìyẹn ti dópin.

Mo ra àpótí gíláàsì ńlá, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, èyí tó ń mú un móoru, iná ìyáàrùn, gílóòbù UVB àti oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ṣe fún ìjàpá omi. Nínú gbogbo wọn, tẹmómítà ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ni ì bá sì ti gbà mí. Gílóòbù UVB ní tiẹ̀ máa ń tàn síbẹ̀ lẹ́yìn tí agbára rẹ̀ ti tán, nítorí náà mo kọ ọjọ́ tí mo rà á sára rẹ̀, kí n lè pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pé ọdún kan.

Ó gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú òsì ló kọ́kọ́ là. Lọ́jọ́ tó tún jẹun, omi bọ́ lójú mi.

Mo ṣì ní abọ́ ike náà. Inú rẹ̀ ni mo ń gbé ìjàpá sí lórí ìwọ̀n lọ́jọọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo bá ti yọ ìwúwo abọ́ náà kúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gíráàmù 96 ni.