Ṣòkòtò Marlene Dietrich àti Ti Greta Garbo

Ẹni tó bá fẹ́ rí obìnrin tó gbé aṣọ ọkùnrin wọ̀ tó sì yẹ ẹ́ nínú fíìmù àtijọ́, Morocco (1930) ti òṣèré Marlene Dietrich, ọmọ Berlin, tàbí Queen Christina (1933) ti òṣèré Greta Garbo, ọmọ Stockholm, ni kó wò.

Nínú Morocco, Dietrich wọ kóòtù dúdú onírù gígùn, ó dé fìlà gíga. Ó kọrin tán, ó tọrọ òdòdó lọ́wọ́ obìnrin kan láàárín èrò, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó wá ju òdòdó náà sí Gary Cooper, òṣèrékùnrin inú fíìmù náà, ìyẹn sì fi há ẹ̀yìn etí. Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀: bí àwọn tó ń yẹ fíìmù wò bá gé ìfẹnukonu yẹn dànù, a ò ní mọ ibi tí òdòdó Cooper ti wá.

Ti Garbo yàtọ̀. Ọbabìnrin Sweden tí wọ́n tọ́ bí ọkùnrin ló ṣe. Nílé èrò, aṣojú Spain rò pé ọ̀dọ́kùnrin ni, àwọn méjèèjì sì pín yàrá kan. Ó bọ́ kóòtù, àṣírí tú. Láti ibẹ̀ ni ìtàn ìfẹ́ ti gba fíìmù náà mọ́ ṣòkòtò lọ́wọ́, ó sì dùn mí.

Garbo ò ṣe fíìmù mọ́ lẹ́yìn 1941. Dietrich ṣì ń gbé kóòtù àti fìlà yẹn wọ̀ lórí pèpéle lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Morocco ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.