Dominion: Ẹ jẹun tán kí ẹ tó wò ó

Wákàtí méjì ni Dominion, fíìmù tòótọ́ nípa ohun tí ojú ẹran ń rí lọ́wọ́ èèyàn, kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè mí kanlẹ̀ nínú rẹ̀. Chris Delforce ló darí rẹ̀ ní Ọsirélíà, ó jáde ní 2018, ọ̀fẹ́ ló sì wà lórí YouTube. Dátà yín nìkan ló máa jẹ.

Kámẹ́rà tí wọ́n fi pamọ́ sínú oko ẹran àti odò ẹran ni wọ́n fi ya púpọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú dróònù tó ń fò lókè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ oníkà méjì mẹ́ta. Wọ́n wà níbẹ̀, àwọn tó ń fìpá gbá ẹran, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo rí, òfin ibẹ̀ fàyè gbà á. Ẹ wo ti ọmọ adìẹ. Akọ kò lè yé ẹyin, kò sì lè tètè sanra bíi broiler, nítorí náà, kò pẹ́ tó jáde látinú ẹyin ni béélítì ń gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ láàyè. Kéèjì adìẹ ẹlẹ́yin ní tiwọn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dé oko adìẹ nílé wa rí.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló le jù. Àwọn onílé-iṣẹ́ ní afẹ́fẹ́ carbon dioxide ni wọ́n fi ń mú un dákú wọ́ọ́rọ́wọ́ kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀. Fíìmù yìí ki kámẹ́rà bọ inú ihò tí afẹ́fẹ́ náà wà. Bí kéèjì irin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń han, tí wọ́n ń já ara wọn gbà. Mo dín ohùn fóònù mi kù, mo tún yí i sókè, torí ẹni tí kò bá gbọ́ igbe yẹn ṣì lè gba ọ̀rọ̀ àwọn onílé-iṣẹ́ gbọ́.

Joaquin Phoenix àti Rooney Mara tí wọ́n jẹ́ òṣèré, àti Sia olórin, wà lára àwọn tó ń ròyìn, ohùn wọn sì tutù bó ṣe yẹ. Ìdajì kejì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹṣin, ràkúnmí, ajá, ehoro: ọ̀kan ò tíì kúrò lójú mi tí òmíràn ti dé. Mo sì fẹ́ kí wọ́n mú olóko kan jókòó, kó sọ iye tó ń jèrè fúnra rẹ̀.

Ní April 2019, àwọn tó fẹ́ràn fíìmù náà fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n dí oríta kan pa ní Melbourne, ní Ọsirélíà. Òfin tí ìjọba ibẹ̀ gbé jáde lọ́dún yẹn, àwọn tó ń ti èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wọ oko olóko ló dojú kọ.

Ẹni tí àyè rẹ̀ kò gba wákàtí méjì, kó wo ti ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ níwájú, kó fi ìyókù sílẹ̀. Kí ọmọdé má sì sí nítòsí.