Ínfátà 5kVA oní-48V: ọjà tó dára, orí òrùlé ni wọ́n ti ń bà á jẹ́

Ínfátà háíbírìdì (tó ń so páńẹ́ẹ̀lì sólà, bátìrì àti iná NEPA pọ̀) 5kVA tó ń lo bátìrì 48V wọ́pọ̀ ní Alábà àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù sólà Surulere àti Mushin. Orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ pọ̀ lọ súà, àmọ́ inú ọ̀pọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Fún ilé tó ní AC kan, fíríìjì àti ẹ̀rọ omi, a fọwọ́ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. 5kVA òmíràn, 4,000W ló lè gbé, òmíràn, 5,000W. Ti 5,000W ni kí ẹ mú, torí ẹ̀rọ omi máa ń fa iná ní ìlọ́po ìlọ́po nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ ti páńẹ́ẹ̀lì: wáàtì tó lè gbà àti fólìtì tó lè gbà. Bí wáàtì bá fi díẹ̀ lé, ínfátà á mú ìwọ̀n tirẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀. Bí fólìtì bá lé, ó jóná nìyẹn, kò sì sí wárańtì tó máa gbà á.

Páńẹ́ẹ̀lì 550W kan máa ń ní nǹkan bí 50V kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Bó bá ń ṣiṣẹ́, bíi 42V. Lórí ínfátà tí wọ́n kọ 500V sí, mẹ́wàá tí a so ní síríìsì (ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì lórí ìlà kan, tí fólìtì wọn ń ro pọ̀) ti kan òkè pátápátá. Àárọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí páńẹ́ẹ̀lì ṣì tutù, ni fólìtì máa ń ga jù, ibẹ̀ ló sì ti máa kọjá. Mẹ́jọ ni a fẹ́: 400V, 4,400W. Ẹ má sì so mẹ́ta péré. Lórí páànù Èkó lọ́sàn-án gangan, ooru á fa 126V wọn wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ínfátà yìí kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá tó 120V. Mẹ́rin ni ìbẹ̀rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ oní-24V léwu jù ú lọ. 145V péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì 250W ṣì gbòde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju bíi 38V lọ, mẹ́ta ní síríìsì kò ṣe nǹkan kan. Oníṣẹ́ tó bá gbé àṣà yẹn wá sórí 550W ti fi 150V sí i. Méjì-méjì ni kó so, kó wá da wọn pọ̀ ní pàrálẹ́ẹ̀lì (ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí fólìtì kò fi ní lé sí i).

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti fún pọ̀, ẹ wo òjìji ṣáájú ohunkóhun. Òjìji táńkì omi lórí páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè fa gbogbo ìlà náà sẹ́yìn.

Àléébù tí a rí sí ẹ̀rọ yìí gan-an: òun fúnra rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 50W láìtan ohunkóhun. Ní wákàtí 24, ìyẹn 1.2kWh, ó sì ju ìdajì ohun tí páńẹ́ẹ̀lì 550W kan ń mú wá lójúmọ́ lọ. Ẹni tó jẹ́ pé fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n ló ní, kó má rà á. Èyí tó kéré ló máa ṣe é lóore. Fáànù inú rẹ̀ náà ń pariwo, ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn.

Wáyà 6mm² ni kí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Bíréékà DC (ti irú iná tó ń ti páńẹ́ẹ̀lì wá) ni kí wọ́n lò síbẹ̀: ti AC, ìyẹn irú iná tí a ń lò nínú ilé, kò lè pa iná tó ń ta pàrà nínú DC, yíyọ́ ló máa yọ́. Kí wọ́n tó lọ, ẹ ní kí wọ́n ṣí nọ́ńbà 02 nínú ètò (settings) rẹ̀, níbi tí a ti ń yan áńpù tí ó fi ń ṣájì bátìrì. Ínfátà lè tì tó 100A, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bátìrì lítíọ́ọ̀mù 100Ah, 50A ni wọ́n fẹ́.