Ọ́ìlì jíà ọtomátíìkì: èwo ni kí ẹ rà, ọ̀nà wo ni kí wọ́n gbà pààrọ̀ rẹ̀?

Bí jíà bá ń já ọkọ̀ gbà nígbà tó ń ti ìkínní bọ́ sí ìkejì, tàbí tí ẹ fi í sí D tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kó tó gbéra, ohun tí gbogbo ayé máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì jíà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ dé ìsọ̀, ẹ bá ìgò oríṣiríṣi níbẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, gbogbo wọn ń pe ara wọn ní ọ́ìlì jíà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀kan ní òun máa ṣí ìdí páànù (àwo tó gba ọ́ìlì sí abẹ́ jíà), èkejì ní ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì àtijọ́ jáde lòun ń lò. Ìyàtọ̀ àárín wọn ju ti owó lọ, torí ọ́ìlì tí kò bá jíà mu lè ba èyí tó ṣì dáa jẹ́.

Kí ni ẹ fẹ́ kó wò?

Nínú jíà ọtomátíìkì, ọ́ìlì kì í ṣe ohun tó ń mú irin yọ̀ lára irin nìkan. Agbára ọ́ìlì ni jíà fi ń ti àwọn kílọ́ọ̀ṣì (awẹ́ tó ń di ara wọn mú kí agbára lè kọjá) pa pọ̀, ọ́ìlì ló ń gbé ooru jáde, kẹ́míkà inú rẹ̀ ló sì ń sọ bí awẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ṣe máa di ara wọn mú, bóyá wọ́ọ́rọ́wọ́ ni o, bóyá pẹ̀lú ìjá ni. Ooru àti ọjọ́ ló ń jẹ kẹ́míkà yẹn tán.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbọ̀n ni ọ́ìlì tuntun máa ń wò jù. Ẹ ń lọ jẹ́jẹ́, ní bíi 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ ò tẹná púpọ̀, ọkọ̀ wá ń gbọ̀n bí ìgbà tó ń kọjá lórí títì tí wọ́n fín ní ìlà-ìlà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kílọ́ọ̀ṣì inú torque converter (ohun tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé jíà) ló ń dì mú tó tún ń yọ̀. Ọ́ìlì tó tọ́ lè pa á rẹ́ pátápátá. Ìjá díẹ̀díẹ̀ láàárín jíà kan sí èkejì náà sábà máa ń rọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ kó tó gbéra, ẹ wá ibi tó ti ń jò kí ẹ tó rà á kún un.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹná, tí ẹ́ńjìnnì ń han gooro tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, jíà ti ń yọ̀ nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí ẹ sì ń rí èérún dúdú nínú rẹ̀, ara awẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ti bó sínú ọ́ìlì. Kò sí ìgò kankan tó máa lẹ̀ ẹ́ padà. Owó skánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ) àti ti àyẹ̀wò ni kí ẹ kọ́kọ́ san níbẹ̀.

Ìgò ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, tàbí ìgò tó ní òun bá gbogbo ọkọ̀ mu?

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ má fi àwọ̀ rà á. Pupa ni ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Orúkọ ìlànà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, tàbí lára géèjì jíà (ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo bí ọ́ìlì ti kún tó), ni ẹ máa fi wá ọ́ìlì.

Ẹ wo Toyota. Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ ń lo Type T-IV, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń lo WS, tó fúyẹ́ ju T-IV lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí ẹ fi ọ̀kan dípò èkejì. Ti Honda rọrùn díẹ̀: DW-1 ló rọ́pò ATF-Z1, ó sì bá àwọn ọkọ̀ tó ń lo Z1 mu. Ti General Motors (GM) náà bẹ́ẹ̀: Dexron-VI jáde ní 2005, ó sì lè wọ inú jíà tí ìwé rẹ̀ ní kí wọ́n lo Dexron-III. Ibẹ̀ lẹ ti gbọ́dọ̀ lajú. Láti ìparí 2006 ni GM kò ti fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ fún Dexron-III mọ́. Ìgò tó bá ń jẹ́ Dexron-III lónìí, ọ̀rọ̀ ẹni tó rọ ọ́ nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Dexron-VI tó ní ìwé àṣẹ máa ń ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J lára ìgò. Tí ẹ bá ti rí i, kò pọn dandan kí ẹ san owó gegele fún ìgò tó jẹ́ ti GM fúnra rẹ̀.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìgò dáadáa. "Licensed" tàbí "approved" túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ìlànà náà ti yẹ̀ ẹ́ wò. "Suitable for" tàbí "recommended for" ń sọ pé ẹni tó ń tà á ló ní ó dára. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọ́ìlì ńlá máa ń ṣe ìgò alájùmọ̀lò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lóòótọ́, pàápàá nínú jíà olójú mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ìgò tó bá to ogún ìlànà jọ, tó fi T-IV, WS, ATF+4 (ti Chrysler) àti ti CVT (jíà tó ń fi bẹ́líìtì ṣiṣẹ́) kún un, èmi ò ní fún un láyè nínú ọkọ̀ mi.

CVT kò gba ṣíṣe bó ṣe wù wá rárá. Bẹ́líìtì irin ló wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ sì ní láti jẹ́ kí irin di irin mú. Bí Nissan bá ní NS-3, NS-3 ni. Bí ẹ bá da ọ́ìlì jíà lásán sí i, ẹ ti ra wàhálà. Àwọn jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, bí DSG olójú mẹ́fà ti Volkswagen, náà ní ọ́ìlì tiwọn, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi 60,000 kìlómítà.

Ṣíṣí ìdí páànù, títú páànù, tàbí ẹ̀rọ

| Ọ̀nà | Ọ́ìlì tó ń pààrọ̀ | Àsẹ́ | Ó yẹ fún |
|---|---|---|---|
| Ṣíṣí ìdí páànù: kí ó jò, kí ẹ dà á kún | bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì | kò kàn án | ọkọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ |
| Títú páànù | bákan náà, tàbí ó lé díẹ̀ | ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ | èyí tí kò tíì gba àsẹ́ tuntun |
| Ẹ̀rọ | fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ | kò kàn án àfi tí wọ́n bá tú páànù | èyí tí wọ́n ń tọ́jú déédéé |

Ìdí tí ọ̀nà kìíní fi ń gba díẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ́ìlì wà nínú torque converter, kì í sì í jò jáde. Bí ó bá ń pààrọ̀ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì ẹ ti ní 64, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta nǹkan bíi 78, tí ẹ bá ń wa ọkọ̀ díẹ̀ láàárín. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n jíà kì í bá àyípadà pàdé lójijì.

Tí wọ́n bá tú páànù, ẹ ní kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì ìdí rẹ̀ hàn yín. Ìyẹ̀fun irin tó rọ̀ bí ẹfun jẹ́ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ègé irin ni ìbẹ̀rù. Kì í ṣe gbogbo jíà ló ní páànù tó ṣeé tú fún èyí, ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́ kò ní. Nínú àwọn jíà olójú mẹ́fà àti mẹ́jọ kan tí ilé-iṣẹ́ ZF ṣe, páànù oníke náà ni àsẹ́ wà nínú rẹ̀, tí ẹ máa rà pọ̀.

Ẹ̀rọ lọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ máa gbọ́ pé ó ń pa jíà. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí jíà rẹ̀ ti ń kú lọ ló sáré lọ ṣe é; jíà wá kú, ẹ̀rọ gba ẹ̀bi. Síbẹ̀, ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ tó bá ṣí kúrò níbi tó sùn sí lè dí àwọn ihò tóóró inú jíà. Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ rí, ọ̀nà kìíní ni kí ẹ yàn. Tí ẹ bá yan ẹ̀rọ, ẹ béèrè bóyá pọ́ńpù jíà fúnra rẹ̀ ló ń ti ọ́ìlì jáde tàbí ẹ̀rọ ló ń fi agbára tì í. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́. Ẹ tún béèrè ọ́ìlì wo ló wà nínú ẹ̀rọ náà, torí kò wúlò kí ẹ ra ìgò tó tọ́ kí wọ́n wá fi òmíràn fọ̀ ọ́.

Ní ti ìgò kékeré tí wọ́n ń dà mọ́ ọ́ìlì láti wo jíà: èyí tó ń dá ìgbọ̀n dúró máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Èyí tó ní òun ń wo jíà tó ń yọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lórí àtẹ.

Nígbà wo, àti mélòó?

Bí ìwé ọkọ̀ bá ní ọ́ìlì náà wà títí ayé, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. ZF, tó ń ṣe jíà fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, tàbí lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ọkọ̀ tó ń fa ẹrù tàbí tó ń wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́ kò yẹ kó dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jíà òde òní kò ní géèjì. Inú ihò ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń mọ̀ bó ti kún tó, ẹ́ńjìnnì wà lórí iṣẹ́, ọ́ìlì sì wà ní ìwọ̀n ooru tí ìwé sọ, tó sábà máa ń wà láàárín 30 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mẹkáníìkì tí kò bá béèrè ìwọ̀n ooru yẹn, ẹ wá ẹlòmíràn: ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù máa ń hó bí ọṣẹ, èyí tó bá kéré máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, jíà á sì tún máa já bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn jíà kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fi skánà pa ohun tí kọ̀ǹpútà jíà ti kọ́ láti ara ọ́ìlì àtijọ́ rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa gba ọjọ́ díẹ̀ kí ìyípadà tó rọ̀.

Ẹ ní kí wọ́n wọn ọ́ìlì tó jò jáde nínú ike tó ní ìlà lítà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ dá iye kan náà padà. Ẹ ra lítà kan lé sí i fún àtúnṣe ìwọ̀n, tàbí bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ohun tí jíà ń gbà tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lẹ máa lò.