Mo fi NHF ra ilé: ohun tí ojú mi rí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí NHF (National Housing Fund, àpò owó ilé ìjọba àpapọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí) lórí ìwé owó oṣù mi, mo rò pé owó orí míì ni. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù, èmi náà ń kùn. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ló bi mí pé, "Ṣé o ò mọ̀ pé o lè fi yá owó ilé ni?"

Lọ́dún 2019, mo yá mílíọ̀nù 5 naira fún ilé oníyàrá méjì ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ogún ọdún ni màá fi san án. Nǹkan bíi ₦35,800 ló ń lọ lóṣù. Ká ní báǹkì lásán ni mo lọ, tí wọ́n gba èlé 20, ì bá sún mọ́ ₦85,000. Mo fẹ́ kí onílé mi àtijọ́ ka ibí yìí.

Ibi ìwé ni wàhálà wà. Federal Mortgage Bank, báǹkì ìjọba tó ń bójú tó NHF, kì í kó owó lé èèyàn lọ́wọ́, báǹkì kékeré kan tó ń yáni lówó ilé ló máa ń dúró láàárín. Wọ́n ní kí n mú páàsìbúùkù NHF mi wá. Mo ṣí i, oṣù mọ́kànlá tí mo fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aládàáni kan ò sí níbẹ̀, ojú ewé yẹn funfun báláú. Ilé iṣẹ́ yẹn yọ owó mi, wọn ò san án fún NHF. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ bá wọn, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé" ni ṣáá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni òfin ní kéèyàn ti dá, èyí tí mo dá níbi iṣẹ́ tuntun ló gbà mí.

Ilé tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ńkọ́? Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ní. Wọn ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fúnni, ni báǹkì ń bèèrè. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí apá òṣìṣẹ́ ká, mélòó ló ní C of O? Tí mo bá ní kí n fún ètò yìí ní ìràwọ̀ márùn-ún, ibẹ̀ ni mo ti yọ kan ààbọ̀ kúrò. Owó lọ́yà àti ti ẹni tó wá díye lé ilé, àpò mi náà ló ti jáde.

Ẹni tí kò bá yá a, ìgbà tó bá fẹ̀yìn tì ni wọ́n máa dá owó rẹ̀ padà, pẹ̀lú èlé 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi wé bí owó ìrẹsì ṣe ń gòkè lọ́dọọdún.

Kí ẹ tó wá ilé rárá, ẹ lọ wo páàsìbúùkù yín. Oṣù mọ́kànlá tèmi, títí di òní, wọn ò tíì san án.