Ṣéènì KMC X8 fún ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò: ẹ rà á

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ máa gbéra n'Íbàdàn ó di Ọ̀yọ́, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ṣéènì yìí ni mo bá yín fọwọ́ sí. Ilé iṣẹ́ Taiwan ni KMC tó ń ṣe é, X8 yìí sì wà fún kẹ̀kẹ́ tó ní jíà 8 lẹ́yìn àmọ́ ó ń bá jíà 6 àti 7 náà lọ dáadáa, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà wa, jíà 7 tàbí 8 ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe jíà 11, pé òun ló lòde. Èmi ò gbà o! Ti 11 tín-ín-rín, owó gọbọi ni, tó bá wá já mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà níbo lẹ ti fẹ́ rí irú ẹ̀ rà?

Mísìn línkì tó máa ń bá a wá nínú páálí, ìyẹn ojú tó ń so orí méjèèjì pọ̀, ó ṣeé tú, ó ṣeé so pa dà. Tí ṣéènì bá já lọ́nà, ẹ fi irinṣẹ́ tó ń ti pín-ìnì (irin kékeré tó so ojú ṣéènì pọ̀) jáde yọ ojú tó bàjẹ́ kúrò, kó ku ojú ti inú, èyí tó fún jù, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi mísìn línkì so ó, ẹ yí pẹ́dà títí á fi dé apá òkè, ẹ di bíréèkì ẹ̀yìn mú kẹ́ ẹ wá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ dáadáa, ó máa dún kà! Ó ti wọlé nìyẹn. Àmọ́ ó lè ti kúrú díẹ̀ o, ẹ má gbé e sórí jíà ńlá iwájú àti ńlá ẹ̀yìn pa pọ̀ mọ́, ó lè fa ẹ̀rọ tó ń yí jíà ya.

Àwọn bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò mọṣẹ́ gan-an, ìṣó àti òòlù ni wọ́n fi ń lu pín-ìnì Raleigh ayé àtijọ́, ṣéènì yẹn nípọn, ó gbà á. Eléyìí ò gba òòlù, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín lo irinṣẹ́ yín.

Nígbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ jù. Eruku pupa á pò mọ́ ọ́ìlì, á sì máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ bí òkúta ìpọ́nbẹ, torí náà alaalẹ́ lẹ máa fi àkísà nù ún, ẹ kán ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ nu èyí tó kù lára ẹ̀ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo ńjìnnì dúdú yẹn kùn ún.

Rúlà lásán lẹ máa fi mọ̀ tó bá ti gbó: láti àárín pín-ìnì kan, ìkẹẹ̀rìnlélógún tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Tó bá ti fi ìdá kan nínú 16 ínṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíá, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó dé ìdá kan nínú 8, ó ti jẹ eyín jíà ẹ̀yìn náà nìyẹn, owó méjì lẹ máa san. Ẹ ra mísìn línkì méjì sí i kẹ́ ẹ jù ú sápò, kò wúwo rárá.