Hítà púùlù tó gba iná nídìí ìkòkò iṣu wa

Iyán ló tú àṣírí àwọn tó ta hítà púùlù fún wa. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ni, a ń retí àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi sì ti gbé iṣu kaná. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan hítà tuntun, ẹ̀rọ oní-gáàsì tó ń mú omi gbóná, tí a rà fún púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ wa. Bó ṣe gbiná wùùù báyìí ni mo gbọ́ ohùn Màmá láti kíṣìnnì: "Àkànní, gáàsì yín ti tán o!"

Gáàsì kì í tán ní Katy níbí, lẹ́bàá Houston ní Texas. A kì í lo sìlíńdà, abẹ́ ilẹ̀ ni páìpù rẹ̀ gbà wọlé. Mo sáré wọlé. Iná tó ń jó búlúù yí ìdí ìkòkò ká ti rẹlẹ̀, ó wá dà bí ìṣáná tó fẹ́ kú. Mo jáde lọ pa hítà, iná gbérí. Mo tún tan hítà, iná tún wólẹ̀. Nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, Màmá yọ orí síta lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Ṣé eré lẹ ń fi iṣu mi ṣe ni?" Iṣu ọ̀hún kò jinná délẹ̀. Èmi ni mo gún un, mo gún un títí èjìká fi ń ro mí, kókó ló kún inú rẹ̀. Ẹ sáà wo ọmọ Ẹ̀fọ̀n Alààyè tó ń gbé iyán kókó síwájú pásítọ̀. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló mú mi kọ èyí, torí àwọn ará wa ní Houston ń bi mí ṣáá bóyá kí àwọn náà fi hítà sí púùlù àwọn.

A bá púùlù nínú ilé nígbà tí a rà á ni. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án làwọn ọmọ ń wọ̀ ọ́; lẹ́yìn ìyẹn, ká máa kó ewé kúrò lójú omi ló kù. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù yẹn mú gbogbo Texas tí iná ọba sì lọ, pọ́ǹpù dákẹ́, omi dì nínú páìpù, ó bẹ́ níbi méjì. Mo búra pé kọ́bọ̀ mi kò tún ní wọ ibẹ̀ mọ́.

Orúnkún Màmá ló mú mi yẹ̀ ẹ́. Wọ́n dé ní oṣù Kẹwàá, oníṣègùn sì ní kí wọ́n máa rìn nínú omi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, torí omi á gbé wọn, ìwúwo ara kò ní já lé oríkèé. Nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi wa, wọ́n fà á yọ bí ẹni tí akàn gé jẹ. Díígírì 60 ni, ti Fahrenheit.

Oríṣi hítà méjì ni wọ́n fi lọ̀ wá. Èkíní ń fi iná ọba fa ooru láti inú afẹ́fẹ́, owó tí yóò máa jẹ lóṣù kéré, ṣùgbọ́n bí ìta bá ti tutù tó díígírì 50 sísàlẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù. Èkejì ni ti gáàsì, ó ń jẹ owó, ṣùgbọ́n ó yá. Ìgbà òtútù ni Màmá nílò rẹ̀, nítorí náà gáàsì la mú.

Ọkùnrin tó wá tà á fún wa wọ bàtà aláwọ kan tí kò yẹ kó tẹ koríko tútù. Ó ní, "Wákàtí kan péré, omi yín á gbóná bí omi ìwẹ̀." Mo gbà á gbọ́, ìtìjú ni láti sọ ọ́, nítorí ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé. Púùlù wa gba gálọ́ọ̀nù 15,000. Gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wúwo tó pọ́ùn 8.34, BTU kan, ìyẹn ìwọ̀n ooru, ló sì ń gbé pọ́ùn omi kan sókè ní díígírì kan. Láti 60 dé 84, ó ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta BTU. Hítà wa ń jẹ 400,000 ní wákàtí kan, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé inú omi. Wákàtí mẹ́sàn-án ni, bí gáàsì bá dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Gáàsì tiwa kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Hítà náà á jó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kú, á kọ àmì kan sójú ara rẹ̀.

Mo pe àwọn tó tà á fún wa. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù lọ́fíìsì wọn lóhùn dídùn púpọ̀, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo pè lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní wọ́n á rán ẹnì kan wá, $125 ni owó ẹsẹ̀ rẹ̀. Hítà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Mo san án. Ọmọkùnrin kan dé, kò bọ́ ìgò ojú rẹ̀, kò tú ìdè kan. Ó wo hítà, ó wọ kíṣìnnì, ó ní sítóòfù wa ló ti gbó. Màmá bi mí pé kí ló wí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ bi í bóyá ó ti gbé iṣu kaná rí."

Fídíò ni mo wá fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn: ọwọ́ ìyàwó mi lórí bọ́tìnnì hítà, kámẹ́rà lójú iná ìdáná, iná ń gùn, iná ń sọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n rán bàbá àgbàlagbà kan, ará Mẹ́síkò, ẹni tí òun nìkan mọ iṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ lọ sídìí hítà. Ìdí mítà ló lọ, ó fi ìka nu eruku orí rẹ̀, ó ní kí n kà á: 250. Ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì gáàsì tó lè gba ibẹ̀ kọjá ní wákàtí kan nìyẹn, hítà nìkan sì ń fẹ́ bíi 400. Ó fi téèpù wọn ọ̀nà láti mítà dé hítà, ẹsẹ̀ bàtà 70. Páìpù íǹṣì ¾ ni wọ́n fi ṣe é, níbi tó yẹ kí ó jẹ́ 1¼. Ó bọ́ fìlà, ó họ orí. Ó ní ẹni tó so hítà yìí mọ́ ọn rí mítà náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kó tó lọ, ó rọra sọ fún mi pé kí n lọ ra ìbòrí, pé bí omi ṣe ń gbẹ lọ lójú púùlù lóru ni ooru tí mo fowó rà ń bá a lọ. $140 ni mo ra èyí tó ní àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké lára. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe púùlù olómi gbígbóná, kó ra ìbòrí kí ó tó ra hítà. Kó sì kọ́kọ́ ka mítà rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ta hítà fún wa kọ́kọ́ ní $1,900 ni owó páìpù tuntun, ọrùn mi ni. A fà á títí, wọ́n gba ìdajì. Àwọn tó ń ta gáàsì fún wa pààrọ̀ mítà.

Ìgbà yẹn ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìíní, mo ká ìbòrí, oru gòkè wá bí ẹni ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Màmá wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gbọọrọ kan àti ṣòkòtò, wọ́n di etí púùlù mú, wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀, ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n ń jáde, mo na ọwọ́, wọn ò gbà á. Wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra wọn. Mo sọ fún wọn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $45 ká tó mú omi náà gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Omi gbígbóná Ìkògòsì nítòsí wa, Ọlọ́run ló ń dáná sí i, kò sì gba kọ́bọ̀." Síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí n tó jí, wọ́n ti wọ ṣòkòtò, wọ́n ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọmọ? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí kò bá sí ẹnì kan pàtó nílé yín tí ẹ lè dárúkọ pé yóò wọ omi nínú oṣù Kìíní, ẹ fi owó yín sílẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ìyàwó mi ka ohun tí mo kọ tán, ó ní èwo ni mẹ́rin lẹ́yìn gbogbo èébú yìí. Mo ní ọ̀kan fún hítà, mẹ́ta fún bàbá ará Mẹ́síkò. Màmá ti padà sí Ẹ̀fọ̀n láti oṣù Kẹta. Wọ́n pè lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n bi mí bóyá àwọn èèyàn yẹn ti dá $125 wa padà. Mo ní rárá.